Fọ́múlà àti àdírẹ́sì sẹ́ẹ̀lì nínú àtẹ Org ti Emacs: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nípa ìṣirò nínú àtẹ Org nìwọ̀nyí. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú. Ìlà ni mo pe èyí tó ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, òpó ni mo pe èyí tó dúró lóòró, sẹ́ẹ̀lì sì ni ibi tí méjèèjì ti pàdé.

Kí ni Org, kí ló sì kàn án pẹ̀lú ìṣirò?

Emacs ni ètò tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ lásán lórí kọ̀ǹpútà. Org jẹ́ apá kan nínú rẹ̀. Carsten Dominik, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Netherlands, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003 láti máa fi to àkọsílẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Àtẹ wà nínú Org, àtẹ náà sì mọ ìṣirò: ẹ kọ nọ́ńbà sí i, ẹ kọ fọ́múlà sábẹ́ rẹ̀, á bá yín ṣe é.

Calc, ètò ìṣirò tí Dave Gillespie kọ fún Emacs, ló ń ṣe ìṣirò náà gan-an. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Calc kì í ṣe Excel, ibi tí wọ́n sì ti yàtọ̀ síra ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé fọ́múlà kankan kò sá pamọ́ sẹ́yìn sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá ṣí fáìlì náà, kódà kó má ní Emacs, á rí nọ́ńbà, á sì rí ọ̀nà tí a gbà dé ìdí nọ́ńbà náà. Fún ẹni tó ń tọ́jú owó ẹlòmíràn, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Kí ni mo ní láti gbé sórí kọ̀ǹpútà kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Emacs nìkan. Org ti wà nínú rẹ̀ láti Emacs 22, ti ọdún 2007. Ẹ dá fáìlì kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ parí sí `.org`, ó tán. Emacs 30, tó jáde ní 2025, ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android náà, àmọ́ ẹ wá kíbọọ̀dù gidi so mọ́ ọn.

Kí ni `C-c`, `C-u` àti `M-` tí ẹ ń kọ káàkiri?

`C-` ni bọ́tìnnì Ctrl, `M-` sì ni Alt. `C-c =` túmọ̀ sí pé kí ẹ di Ctrl mú, kí ẹ tẹ c, kí ẹ jọ̀wọ́ méjèèjì, kí ẹ wá tẹ =. `C-u` máa ń ṣáájú àṣẹ mìíràn láti yí i padà díẹ̀.

Báwo ni mo ṣe ń ya àtẹ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìlà pẹ̀lú `|`, ẹ sì fi `|` ya òpó kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Tí ẹ bá tẹ TAB, Org á tò ó kó gún, á sì gbé yín lọ sí sẹ́ẹ̀lì tó kàn. Fún ìlà ìdábùú, ẹ kọ `|-` sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, kí ẹ tẹ TAB. Org fúnra rẹ̀ ló máa fa ìyókù.

Tí ẹ bá ti ní nọ́ńbà tí kọ́mà yà sọ́tọ̀ nínú fáìlì mìíràn, ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú Org, ẹ sàmì sí gbogbo rẹ̀, ẹ tẹ `C-c |`. Á di àtẹ lójú ẹsẹ̀.

Níbo ni fọ́múlà ń gbé?

Ní ìlà kan lábẹ́ àtẹ, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `#+TBLFM:`. Bí fọ́múlà bá ju ẹyọ kan lọ, `::` ló ń là wọ́n láàárín. Ẹ wo àtẹ ọjà yìí:

```
| Ọjà    | Iye | Owó ẹyọ | Àpapọ̀ |
|--------+-----+---------+-------|
| Gàrí   |   4 |    1200 |  4800 |
| Ẹ̀wà    |   2 |    2500 |  5000 |
| Epo    |   3 |    1800 |  5400 |
|--------+-----+---------+-------|
| Gbogbo |     |         | 15200 |
#+TBLFM: $4=$2*$3::@>$4=vsum(@I..@II)
```

Fọ́múlà àkọ́kọ́ ní: ní òpó kẹrin, fi iye inú òpó kejì sọ owó inú òpó kẹta di púpọ̀. Èkejì ní: ní ìlà tó kẹ́yìn, òpó kẹrin, ro gbogbo ohun tó wà láàárín ìlà ìdábùú kìíní àti ìkejì pọ̀. Ẹ fi kọ́sọ̀ sórí ìlà `#+TBLFM:`, ẹ tẹ `C-c C-c`, gbogbo àtẹ á sì jáde bí ẹ ṣe rí i yìí.

Ṣé dandan ni kí n fi ọwọ́ kọ ìlà `#+TBLFM:`?

Kì í ṣe dandan. Ẹ wọ inú sẹ́ẹ̀lì òpó kẹrin, ẹ kọ `=$2*$3`, ẹ tẹ TAB. Org á ṣe ìṣirò náà, á sì kọ fọ́múlà sábẹ́ fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá lo `:=` dípò `=`, sẹ́ẹ̀lì yẹn nìkan ni fọ́múlà náà máa kàn. `C-c =` àti `C-u C-c =` ń ṣe iṣẹ́ kan náà, àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ bi yín ní fọ́múlà.

Èmi máa ń fi ọwọ́ kọ ọ́ sábẹ́. Ó ń jẹ́ kí n rí gbogbo wọn pọ̀ lójú kan.

Kí ni ìyàtọ̀ fọ́múlà òpó àti fọ́múlà sẹ́ẹ̀lì?

`$4=...` jẹ́ fọ́múlà òpó: gbogbo ìlà ló kàn, àfi àwọn tó wà lókè ìlà ìdábùú kìíní, torí Org gbà pé orí àtẹ nìyẹn. `@5$4=...` jẹ́ fọ́múlà sẹ́ẹ̀lì: sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló kàn. Níbi tí méjèèjì bá ti pàdé, ti sẹ́ẹ̀lì ló borí. Ìdí nìyí tí ìlà «Gbogbo» inú àtẹ òkè yẹn kò fi di 0.

Tí àtẹ yín kò bá ní ìlà ìdábùú rárá, fọ́múlà òpó á wọ orí àtẹ, á sì pa orúkọ òpó yẹn rẹ́. Ẹ fa ìlà ìdábùú sábẹ́ orí àtẹ kí ẹ tó kọ fọ́múlà kankan.

Báwo ni mo ṣe ń ka `@3$2`?

Bí ẹ ṣe ń ka àdírẹ́sì ilé. `@` ni ìlà, `$` ni òpó. `@3$2` ni ìlà kẹta, òpó kejì. Tí ẹ bá fi `@` sílẹ̀, ìlà tí ẹ wà lọ́wọ́lọ́wọ́ ló ń sọ: `$2` ni òpó kejì nínú ìlà yìí. Tí ẹ bá fi `$` sílẹ̀, òpó tí ẹ wà ló ń sọ.

Àwọn àdírẹ́sì kan wà tí kò lo nọ́ńbà. `@<` ni ìlà àkọ́kọ́, `@>` ni èyí tó kẹ́yìn, `@>>` ni èyí tó ṣáájú rẹ̀. `$<` Àti `$>` ń ṣe bákan náà fún òpó. `@I` ni ìlà ìdábùú kìíní, `@II` ni ìkejì.

Ìmọ̀ràn mi tó ṣe pàtàkì jù lórí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí: níbi tí ẹ bá ti lè lo `@I`, `@II`, `@<` àti `@>`, ẹ má lo nọ́ńbà. Òní ìlà mẹ́ta ni, lọ́la á di méje, ọ̀túnla ẹ ó yọ méjì kúrò. Fọ́múlà tó sọ pé `vsum(@2..@4)` kò mọ̀ pé ìlà ti pọ̀ sí i nígbà tí ẹ fi ọwọ́ lẹ ìlà tuntun mọ́ ìsàlẹ̀. Èyí tó sọ pé `vsum(@I..@II)` á kó gbogbo wọn.

Tí ẹ kò bá dá sẹ́ẹ̀lì kan lójú, ẹ dúró sínú rẹ̀, ẹ tẹ `C-c ?`. Á sọ àdírẹ́sì rẹ̀ fún yín.

Ṣé ìlà ìdábùú wà lára ìlà tí a ń kà?

Kò sí lára wọn. Orí àtẹ ni `@1`, ìlà tó tẹ̀ lé e lábẹ́ ìdábùú sì ni `@2`. Nínú àtẹ ọjà òkè yẹn, Gàrí wà ní `@2`, «Gbogbo» wà ní `@5`.

Ṣé mo lè kọ B3 bíi ti Excel?

Bẹ́ẹ̀ ni. `B3` àti `@3$2` jẹ́ ọ̀kan náà. Tí ẹ bá fẹ́ òpó B nínú ìlà tí ẹ wà, ẹ kọ `B&`. Àmọ́ ẹ kọ́ ti `@` àti `$` náà, torí `@>` àti `@I` kò ní lẹ́tà tó lè rọ́pò wọn.

Kí ló dé tí àpapọ̀ kò yí padà lẹ́yìn tí mo ti tún nọ́ńbà ṣe?

Torí Org kì í ṣe ìṣirò àfi tí ẹ bá ní kó ṣe é. Ìyàtọ̀ tó ga jù láàárín rẹ̀ àti Excel nìyí, òun ló sì ń kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí wàhálà. Ẹ lè yí 1200 padà sí 1500, kí àpapọ̀ ìsàlẹ̀ ṣì jókòó bíi ti àná.

`C-c *` ń ṣe ìlà tí ẹ wà. `C-u C-c *` ń ṣe gbogbo àtẹ. `C-c C-c` lórí ìlà `#+TBLFM:` náà ń ṣe gbogbo rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ di àṣà pé n kò ní ka àpapọ̀ kankan fún ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ kó máa ṣe é fúnra rẹ̀, ẹ fi òpó tuntun kún iwájú àtẹ, kí ẹ kọ `#` sínú rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó bá ní `#` á máa tún ìṣirò ara rẹ̀ ṣe nígbà tí ẹ bá tẹ TAB níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ nǹkan méjì. Òpó tuntun yìí ti di `$1`, nítorí náà gbogbo nọ́ńbà òpó á sún síwájú. Bákan náà, bí irú àmì yìí bá ti wà nínú àtẹ, ìlà tí kò ní in ni `C-u C-c *` máa fò dá.

Báwo ni mo ṣe ń tọ́ka sí sẹ́ẹ̀lì tó wà lókè èyí tí mo wà?

Pẹ̀lú `@-1`. `@-1$4` ni òpó kẹrin nínú ìlà tó wà lókè ìlà yìí. `$-2` ni òpó méjì sí apá òsì. Ibi tó wúlò jù ni ìwé owó tó ń wọlé tó ń jáde:

```
| Ọjọ́    | Wọlé | Jáde | Ìyókù |
|--------+------+------+-------|
| Ajé    | 5000 | 1200 |  3800 |
| Ìṣẹ́gun | 2000 |  500 |  5300 |
| Ọjọ́rú  |      | 1000 |  4300 |
#+TBLFM: $4=@-1$4+$2-$3;N
```

Ní ọjọ́ Ajé, ohun tó wà lókè kì í ṣe nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ «Ìyókù» ni. `;N` tó wà ní ìparí ló ń gbà wá níbẹ̀: ó ní kí Org ka gbogbo ohun tí kì í bá ṣe nọ́ńbà sí 0. Òun náà ló sọ àyè òfìfo ọjọ́rú di 0.

Kí ni `;N`, `;E` àti `;%.2f` tí mo ń rí ní ìparí fọ́múlà?

Ohun tó bá wà lẹ́yìn `;` ń sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí ìṣirò rí. `;%.2f` ń fún yín ní òǹkà méjì lẹ́yìn àmì ìdá mẹ́wàá (.), bíi 45.50. `;N` ni mo ti sọ. `;E` ní kí sẹ́ẹ̀lì tó ṣófo wà lára kíkà.

Ẹ má fojú kékeré wo `E`. Ká ní ẹnì kan ń dá àjọ 2000 lọ́sẹ̀, tó pa ọ̀sẹ̀ kẹta jẹ:

```
| Ọ̀sẹ̀ 1 | Ọ̀sẹ̀ 2 | Ọ̀sẹ̀ 3 | Ọ̀sẹ̀ 4 | Ìpíndọ́gba |
|-------+-------+-------+-------+-----------|
|  2000 |  2000 |       |  2000 |           |
```

`$5=vmean($1..$4)` á fún yín ní 2000, torí Org ju àyè òfìfo nù, ó sì pín in sí mẹ́ta. `$5=vmean($1..$4);EN` á fún yín ní 1500, torí ó pín in sí mẹ́rin. Àwọn méjèèjì tọ́ ní ìṣirò, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ń bo ẹni tí kò san owó. Ẹ̀yin lẹ mọ èyí tí ẹ fẹ́ bi àtẹ léèrè.

Ṣé mo lè kọ nọ́ńbà bíi 1,500, tàbí kí n fi N ṣáájú rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń tọ́jú ìwé owó ẹgbẹ́ kan, mo kọ 1,500 sí ìlà kan, mo kọ 2,000 sí èkejì, mo ní kí `vsum` rò wọ́n pọ̀. Ó fún mi ní 503. Kò sí ìkìlọ̀, kò sí `#ERROR`. Ní ojú Calc, kọ́mà ló ń la nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, torí náà nọ́ńbà mẹ́rin ló rí: 1, 500, 2 àti 000. Ó sì rò wọ́n pọ̀ bó ṣe yẹ.

Ìlà méjì péré ni mo ní lọ́jọ́ náà, ìdí nìyẹn tí ojú mi fi tètè ká a. Ká ní ọgọ́ta ìlà ni, tí mẹ́ta nínú wọn ní kọ́mà, àpapọ̀ náà ì bá jọ òótọ́, ǹ bá sì kà á jáde níwájú ẹgbẹ́. `;N` kò lè gbà yín níbí; ńṣe ló máa dá kíkà dúró níbi kọ́mà, tí á ka 1 àti 2, tí á sì sọ pé 3 ni.

Ní ti N, Calc mọ áljẹ́brà. `N500` jẹ́ orúkọ lójú rẹ̀, bíi x àti y, nítorí náà dípò àpapọ̀, ẹ máa rí `N500 + N700` nínú sẹ́ẹ̀lì. Orí òpó ni kí ẹ kọ ₦ sí, kí nọ́ńbà wà ní ìhòòhò nísàlẹ̀. Tí kọ́mà bá ti wọ inú àtẹ tẹ́lẹ̀, ẹ sàmì sí àtẹ náà, ẹ tẹ `M-%`, kí ẹ fi òfìfo rọ́pò kọ́mà.

Kí ló dé tí 100/2*5 fi di 10 dípò 250?

Torí nínú Calc, ìsọdipúpọ̀ lágbára ju pípín lọ. `a/b*c` ni ó ń kà sí `a/(b*c)`. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdá ọgọ́rùn-ún gbèsè tó ti san, tó wá kọ `$3/$2*100`, á rí nọ́ńbà kékeré kan tí kò nítumọ̀: 450 nínú 900 á di 0.005, kò ní di 50.

Ẹ fi àkámọ́ sí i, `($3/$2)*100`, tàbí kí ẹ mú ìsọdipúpọ̀ ṣáájú, `100*$3/$2`.

Sẹ́ẹ̀lì mi ń sọ `#ERROR`. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ tẹ `C-c {`, kí ẹ tún ṣe ìṣirò náà. Org á ṣí fèrèsé kan, á fi fọ́múlà tí ẹ kọ hàn yín, á fi nọ́ńbà tó fi rọ́pò àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan hàn, á sì sọ ibi tí Calc ti kọsẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ máa rí i pé ìlà tàbí òpó tí ẹ tọ́ka sí kì í ṣe èyí tó wà lọ́kàn yín. `C-c {` kan náà lẹ ó fi pa á.

`C-c }` á kọ nọ́ńbà ìlà àti ti òpó sára àtẹ kí ẹ má fi ìka kà á mọ́. Bí fọ́múlà bá pọ̀, `C-c '` á kó gbogbo wọn sínú fèrèsé tiwọn. Bí kọ́sọ̀ bá ṣe ń dé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì tó ń tọ́ka sí á máa tàn nínú àtẹ. Ẹ tẹ `C-c C-c` láti gbà á wọlé, `C-c C-q` láti fi í sílẹ̀.

Tí mo bá gbé òpó tàbí ìlà kúrò níbi tó wà, ṣé fọ́múlà á tẹ̀ lé e?

Ó dá lórí bí ẹ ṣe gbé e. Pẹ̀lú `M-` àti bọ́tìnnì ọfà, Org á tún nọ́ńbà inú `#+TBLFM:` ṣe kó lè bá a mu. Tó bá jẹ́ pé ńṣe lẹ gé e tí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì máa tún fọ́múlà ṣe.

Mo ní iye kan tí mo ń lò ní ibi púpọ̀. Ṣé mo lè sọ ọ́ lórúkọ?

Ẹ lè sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sí òkè fáìlì, bíi owó orí VAT ti Nàìjíríà tó jẹ́ 7.5% láti 2020:

```
#+CONSTANTS: vat=0.075
```

Ẹ tẹ `C-c C-c` lórí ìlà yẹn kí Org lè mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà ẹ lè kọ `$5=$4*$vat;%.2f`. Lọ́jọ́ tí ìjọba bá yí i padà, ibì kan ṣoṣo lẹ máa tún ṣe.

Ṣé mo lè mú nọ́ńbà láti inú àtẹ mìíràn?

Ẹ sọ àtẹ yẹn lórúkọ, `#+NAME: osu1`, sí ìlà tó wà lókè rẹ̀. Nínú àtẹ kejì, `remote(osu1, @>$4)` ni òpó kẹrin ìlà tó kẹ́yìn níbẹ̀. Bí mo ṣe ń gbé ìyókù oṣù kan wọ oṣù tó tẹ̀ lé e nìyí. Ẹ rántí pé bí àtẹ kìíní bá yí padà, ẹ gbọ́dọ̀ lọ tẹ ìṣirò àtẹ kejì fúnra yín.

Báwo ni mo ṣe ń ka iye ọjọ́ tàbí wákàtí?

Ẹ kọ ọjọ́ bí Org ṣe ń kọ ọ́, `[2025-03-01 Sat]` àti `[2025-03-29 Sat]`, ẹ wá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: `$3=$2-$1` á fún yín ní 28. Fún àkókò, 08:30 àti 16:15 pẹ̀lú `$3=$2-$1;U` á di 07:45.

Mo fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì sọ «Gbèsè» tàbí «Ó tán» dípò nọ́ńbà.

Calc ní `if`, àmọ́ fún ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní ẹ, ọ tàbí ṣ, Lisp, èdè tí a fi ń kọ ètò fún Emacs, ni mo ń lò. Fọ́múlà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `'(` ni Org ń fún Lisp:

```
#+TBLFM: $5='(if (> $4 0) "Gbèsè" "Ó tán");N
```

`;N` ṣe pàtàkì níbẹ̀. Láìsí i, `$4` á dé ọwọ́ Lisp bí ọ̀rọ̀, kò ní í dé bíi nọ́ńbà. Nítorí pé Lisp lè ṣe ohunkóhun tí Emacs lè ṣe, títí kan pípa fáìlì rẹ́, ẹ ka ìlà `#+TBLFM:` fáìlì tí ẹlòmíràn fi ránṣẹ́ kí ẹ tó tẹ `C-c C-c` lórí rẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìdáhùn kò tọ̀nà. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tọ̀nà. Kí ló fà á?

Ètò tí Org ń tẹ̀ lé ló fà á. Fọ́múlà òpó ló ń kọ́kọ́ ṣe, ó tó kan ti sẹ́ẹ̀lì. Ẹ wo èyí, tó ń wá ìdá ọgọ́rùn-ún tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá nínú àpapọ̀:

```
#+TBLFM: $3=100*$2/@>$2;%.1f::@>$2=vsum(@I..@II)
```

Nígbà tí òpó kẹta ń wá `@>$2`, àpapọ̀ àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àpapọ̀ tuntun wọlé. `C-u C-u C-c *` ni oògùn rẹ̀: á máa tún ìṣirò ṣe títí nọ́ńbà kankan kò fi ní yí padà mọ́, bí kò bá ti kọjá ìgbà mẹ́wàá. Àtẹ tí òpó rẹ̀ bá gbára lé àpapọ̀ ìsàlẹ̀, ẹ má fi `C-c C-c` ẹ̀ẹ̀kan tán an.

Àmì ohùn ń jẹ́ kí àtẹ mi wọ́. Ṣé ó kan ìṣirò?

Kò kàn án. Ìrísí lẹ́tà ló fà á: bí fọ́ǹtì tí ẹ ń lò kò bá ní ẹ́ tàbí ọ̀, Emacs á yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn tí ìbú rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ lo fọ́ǹtì tí lẹ́tà rẹ̀ dọ́gba tó sì ní lẹ́tà Yorùbá, bíi DejaVu Sans Mono.

Mo ń fi orúkọ ọjà wá owó rẹ̀ nínú àtẹ mìíràn. Ó rí àwọn kan, kò rí àwọn kan, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan náà ni lójú mi.

Àwa tó ń kọ Yorùbá ló ń bá èyí jà jù. Fọ́múlà tí a fi ń wá a rí báyìí:

```
#+TBLFM: $3='(org-lookup-first $1 '(remote(owo,@2$1..@>$1)) '(remote(owo,@2$2..@>$2)))
```

Ó ń wá ohun tó wà ní `$1` nínú òpó kìíní àtẹ `owo`, tó bá rí i, á mú ohun tó wà ní òpó kejì wá. Kò ní gbà á àfi kí lẹ́tà bá lẹ́tà mu pátápátá. Ìṣòro ni pé ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú «Ògì». Nínú ọ̀kan, ò jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tó ní àmì lórí. Nínú èkejì, o ni, tí àmì ohùn sì tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tirẹ̀. Wọ́n jọ ara wọn lójú iboju, àmọ́ Lisp á ní wọn kì í ṣe ọ̀kan. Kíbọọ̀dù fóònù lè kọ ọ́ ní ọ̀nà kan, kí ti kọ̀ǹpútà kọ ọ́ ní ọ̀nà kejì. Àtẹ tí ẹni méjì bá jọ kọ ni ó ti ń ṣẹlẹ̀ jù.

Láti mọ̀ bóyá òun ni, ẹ fi kọ́sọ̀ sórí lẹ́tà náà, ẹ tẹ `C-u C-x =`. Emacs á sọ bóyá lẹ́tà kan ni tàbí méjì tó so pọ̀. Láti tún un ṣe, ẹ sàmì sí gbogbo fáìlì pẹ̀lú `C-x h`, kí ẹ tẹ `M-x ucs-normalize-NFC-region`. Gbogbo lẹ́tà á wá sí ọ̀nà kan náà. Ẹ má sì torí ìyọnu yìí yọ àmì ohùn kúrò: owó ọkọ́ àti owó ọkọ̀ kì í ṣe ìlà kan náà nínú ìwé owó. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún lẹ́tà ṣe tán, ẹ padà sórí `#+TBLFM:`, ẹ tẹ `C-c C-c`.